Owó kọpurétífù mi fẹ́ jáde: ṣé ilẹ̀ lọ́nà Ìkìrun ni kí n rà, àbí ilé àtijọ́ ní Ìgbónà?

Tíṣà_Òkèfìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ọmọ Òróki, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Tíṣà ni mí, ilé ìwé girama ni mo ti ń kọ́ni níbí. Ilé tí à ń gbé kì í ṣe tiwa. Ó di ọdún kọkànlá tí mo ti ń dáwó sí kọpurétífù wa, wọ́n sì ti sọ fún mi pé oṣù tó ń bọ̀ ló kàn mí láti gba lọ́ọ̀nù, ìlọ́po méjì ohun tí mo dá. Ohun tó wù mí láti fi ṣe ni ilé tí àwọn èèyàn á máa yá gbé, kí n má baà máa wo ojú ọmọ nígbà tí mo bá fẹ̀yìn tì.

Nǹkan méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan ni pùlọ́ọ̀tì kan lọ́nà Ìkìrun, ó kọjá Kèlèbẹ díẹ̀. Àjẹ́ńtì mú mi lọ wò ó ní Sátidé. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, ojú ọ̀nà kò jìnnà sí i, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń pè é ládùúgbò yẹn. Èkejì ni ilé àtijọ́ kan ní Ìgbónà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, yàrá mẹ́jọ tó kọjú síra, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Bàbá tó kọ́ ọ ti kú, àwọn ọmọ fẹ́ tà á kí wọ́n pín owó.

Ọkọ mi ní kí n má kánjú. Àjẹ́ńtì ní ẹlòmíràn ti fẹ́ sanwó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn bí ẹni pé àbúrò yín ni mí.

Bàbá_Onílé_Mẹ́rin

Ọmọ mi, ọkọ rẹ gbọ́n. Ẹni tí àjẹ́ńtì ní ó fẹ́ sanwó lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, jẹ́ kó san án.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí Òṣogbo sì di olú ìlú. Kí ọdún náà tó parí, ilẹ̀ ti di wúrà. Gbogbo wa ń sáré. Èmi náà sáré. Ọmọkùnrin kan nínú ẹbí tó ni ilẹ̀ ló tà á fún mi, ó fún mi ní rìsíìtì, ó mú àwọn ẹlẹ́rìí méjì wá, a jẹ obì. Mo kọ́ ilé dé líńtẹ̀. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo débẹ̀, mo bá àwọn àgbà márùn-ún tí wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù mi. Olórí ẹbí wà láàárín wọn. Ó ní òun kò mọ̀ mí rí. Òótọ́ ló sọ, kò mọ̀ mí rí.

Ohun tí lọ́yà wá ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ náà, ìbá ti dín ìnáwó mi kù ká ní mo mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí kò fọwọ́ sí títà rẹ̀, títà náà kò sí rárá lójú òfin, bí ẹni pé o kò ra nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà inú ẹbí tó ṣe kókó mọ̀, àwọn yẹn lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e, bí wọn kò bá pẹ́ jù. Mo ra ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Owó páànù mi ni mo kó fún wọn, ìyàwó mi àti èmi sì gbé inú yàrá kan fún ọdún mẹ́ta sí i.

Nítorí náà, kó o tó bi ẹnikẹ́ni léèrè iye owó, bi í pé: ta ni olórí ẹbí yín, níbo ni ilé rẹ̀ wà, ìgbà wo ni mo lè lọ kí i? Lọ kí i ní tòótọ́. Gbé ọtí dání bí o bá fẹ́. Jókòó. Àgbàlagbà tó bá mọ̀ nípa títà náà á bá ọ sọ̀rọ̀ títí wàá fi fẹ́ sùn. Èyí tí kò bá mọ̀, ojú rẹ̀ á sọ fún ọ.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ èmi rò pé kí Àǹtí kàn ra ilẹ̀ kí wọ́n fi sílẹ̀ ni. Ilẹ̀ kì í jẹun, kì í béèrè páànù, ayálégbé kò ní bínú sí i. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí wọ́n tà á.

Bàbá_Onílé_Mẹ́rin

Ọmọ mi, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dúró lé ń pe olè. O ní kì í jẹun? Lọ wo iye ìgbà tí wọ́n ń hú òkúta ààlà. Lọ́yà, ẹ bá mi dá sí i.

Lọ́yà_Lọ́wọ́_Àgbà

Mo kí Bàbá. Mo máa ṣe é ní kúkúrú nítorí mo wà lójú ọ̀nà.

Lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ inú ìpínlẹ̀ wà, ó di í mú fún gbogbo ará ìlú. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, wọ́n lè gbà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni èyí: owó gbà-máà-bínú tí òfin yẹn là sílẹ̀ jẹ́ fún ohun tó wà lórí ilẹ̀, ìyẹn ilé, ọgbà, irè oko. Fún ilẹ̀ gban-n-gba, owó ọdún tí o san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á nìkan ni wọ́n máa dá padà. Ẹni tó ra pùlọ́ọ̀tì tó fi í sílẹ̀ fún koríko yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì, rìsíìtì kì í ṣe ìwé onílẹ̀. Ó fi hàn pé o sanwó ni. Sọ fún lọ́yà rẹ kó ṣe ìwé ìfàléni-lọ́wọ́ tó péye, tí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí máa fọwọ́ sí, kí ìwé sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà, wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ìyọ̀ǹda gómìnà tàbí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀. Kí o tó sanwó, jẹ́ kó lọ yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀, kó sì béèrè ní ilé ẹjọ́ bóyá ẹjọ́ wà lórí ilẹ̀ náà. Báńkì ni kó o ti fi owó ránṣẹ́. Má gbé owó sínú àpò lọ fún ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi.

Ti Ìgbónà ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Màá padà wá.

Awọnlẹ̀_Òróki

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe, ọ̀nà Ìkìrun yẹn sì jẹ́ ibi tí mo máa ń débẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ bi Tíṣà ní ìbéèrè kan: nígbà tí ẹ dé orí ilẹ̀ náà, ṣé ẹ wòkè?

Ìdí tí mo fi béèrè nìyí. Òṣogbo yìí ni ojúkò iná mànàmáná Nàìjíríà. Níbí ni wọ́n ti ń darí rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wáyà ńlá láti oríṣiríṣi ìlú ló sì ń wọlé síbí. Àwọn òpó irin gogoro tí ẹ ń rí nínú oko kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Wáyà tó gbé 330kV (kV ni wọ́n fi ń wọn agbára iná), mítà 25 lápá ọ̀tún àti mítà 25 lápá òsì ni wọ́n ní kí a fi sílẹ̀, mítà 50 lápapọ̀. Tó bá jẹ́ 132kV, mítà 15 lápá kọ̀ọ̀kan. Pùlọ́ọ̀tì wa níbí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ìyẹn nǹkan bíi mítà 15 sí 30. Ẹ ṣírò rẹ̀: pùlọ́ọ̀tì mẹ́ta tí a tò ní ìbú lè parẹ́ sábẹ́ wáyà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kọ́lé síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá dé, wọ́n á wó o, kò sì ní rí ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀.

Bí ilẹ̀ bá wọ́n ní mílíọ̀nù méjì lápá ọ̀tún, tó wá jẹ́ mílíọ̀nù kan lápá òsì, ẹ má dúpẹ́ tíì. Ẹ wá ìdí rẹ̀ ná. Ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ odò, ó lè jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ní apá Gbódòfọn, ẹ lọ síbẹ̀ nígbà òjò, kí ẹ wo ibi tí omi dé lára ògiri. Ìlà omi kì í parọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ igbó Ọ̀ṣun ńkọ́? Hẹ́kítà 75 ni igbó náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì tún ya nǹkan bíi hẹ́kítà 47 sọ́tọ̀ yí i ká láti dáàbò bò ó, láti 2005 tí UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra ilẹ̀ nínú ibẹ̀ láti fi kọ́lé àyágbé, bó ti wù kí wọ́n ta á lọ́pọ̀ tó.

Ohun tí màá ṣe bí mo bá jẹ́ yín: ẹ gba awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ àjẹ́ńtì. Ẹ jẹ́ kó mú nọ́ńbà igun ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Awọnlẹ̀ Àgbà (Surveyor-General) ìpínlẹ̀, kí wọ́n wò ó lórí máàpù bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba. Owó díẹ̀ ni, kò sì pẹ́. Àti pé ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n fúnra yín. Mo ti rí "pùlọ́ọ̀tì" tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 45 sí 90. Bí ẹ bá ń rà ní éékà, ìṣirò orí ìwé á sọ pé pùlọ́ọ̀tì mẹ́jọ ó lé díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọ̀nà kúrò, mẹ́fà tàbí méje lẹ máa rí.

Tíṣà_Òkèfìà

Ẹ̀gbọ́n Awọnlẹ̀, ara mi bù máṣọ. Òpó irin ńlá kan wà níbẹ̀! Àjẹ́ńtì ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé iná kò ní jìnnà sí wa. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Awọnlẹ̀_Òróki

Ẹ má bínú sí ara yín. Èèyàn ń wo ilẹ̀ ni, kò wo ojú ọ̀run. Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé, a ó jọ wọ̀n ọ́n.

Bíríkìlà_Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé Ìgbónà yẹn, nítorí gbogbo èèyàn ń sá fún ilé alámọ̀, wọn kò mọ̀ pé inú rẹ̀ ni owó àwa kékeré wà. Láàárín ìgboro, ọ̀nà ti wà, iná ti wà, ọjà kò jìnnà, ayálégbé kò nílò ọ̀kadà méjì kó tó dé ibi iṣẹ́. Ilé tuntun tó wà nínú igbó lè dúró ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ lọ yẹ ẹsẹ̀ ògiri wò. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ amọ̀ máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ gbá a. Bó bá ń dún bí ìlù, ó ti ya kúrò lára amọ̀, omi sì ti ń wọ ààrin wọn. Ibi tó sán fẹ́ẹ́rẹ́ lójú fèrèsé kò burú. Èyí tó gba igun ilé láti ilẹ̀ dé òkè, tí ìka wọ̀, ẹsẹ̀ ilé ló ń rìn yẹn. Ẹ má ra irú rẹ̀ ní iye ilé. Ẹ rà á ní iye ilẹ̀, kí ẹ sì yọ owó wíwó rẹ̀ kúrò.

Bí ògiri bá dára, ẹ má gbé yàrá mẹ́jọ náà yá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá yàrá ojúkojú ń dín kù lójoojúmọ́, àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ bá ẹni mẹ́jọ pín ilé ìgbẹ́ kan. Ẹ pa yàrá méjì-méjì pọ̀, kí ẹ gé apá kan sí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná. Mẹ́jọ á di sẹ́fù kọ̀ntéènì mẹ́rin. Ẹ má sì ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún páànù gbogbo ilé ṣe ná, kí ẹ parí méjì tòun ti ọ̀dà rẹ̀, kí ẹ gbé e yá, kí owó rẹ̀ bá yín parí méjì tó kù. Ilé mẹ́rin tó dé líńtẹ̀ kò tó yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn.

Lórí omi: kànga àti sókàwè (kòtò omi ìgbẹ́) kò gbọdọ̀ jẹ́ aládùúgbò. Ó yẹ kó tó ẹsẹ̀ bàtà 100 láàárín wọn, mítà 30 nìyẹn. Lórí pùlọ́ọ̀tì 50 sí 100, ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè gbà ṣeé ṣe: kànga ní igun iwájú, sókàwè ní igun ẹ̀yìn tó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú. Kí ẹ sì tún yọjú sí ọgbà aládùúgbò, kí ẹ wo ibi tí tirẹ̀ wà, nítorí ìgbẹ́ kò mọ ààlà. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kànga, oṣù kejì tàbí ìkẹta ni kí ẹ gbẹ́ ẹ, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Kànga tí a gbẹ́ nígbà òjò máa ń dá ayálégbé lọ́lá títí di oṣù Kejìlá nìkan.

Búlọ́ọ̀kù inṣi 9, àpò sìmẹ́ńtì kan yẹ kó yọ bíi 25 sí 30. Ẹni tó bá ń yọ 45 ń ta yanrìn fún yín. Ẹ gbé ọ̀kan sókè dé àyà, kí ẹ jù ú sílẹ̀.

Ìyá_Agbowólé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń bá àwọn onílé mọ́kànlá gbowó ilé nílùú yìí, àwọn kan wà lókè òkun, àwọn kan ti dàgbà. Tíṣà, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́ ilé tán, nítorí ibẹ̀ ni ìdùnnú ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń parí.

Ní àdúgbò Òkè-Baálẹ̀, nítòsí UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀. Wọ́n ń sanwó lẹ́ẹ̀kan, òbí ló ń san án, ẹ kò ní bá wọn jà. Àmọ́ wọ́n ń fi ilé ṣe bí wọ́n ti fẹ́, ọdọọdún lẹ máa kùn ún. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020 tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, mo ní yàrá tó ṣófo láti oṣù kẹta títí ọdún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní tiwọn, jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n á pẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n láàárín 2015 sí 2018, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba àbọ̀ owó oṣù, omijé ni wọ́n fi ń wá bẹ̀ mí, kò sì sí ẹni tó lè bínú sí wọn. Oníṣòwò ọjà ń san díẹ̀díẹ̀, kì í sá. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí a má fi irú èèyàn kan ṣoṣo kún ilé. Bí yàrá bá jẹ́ mẹ́rin, akẹ́kọ̀ọ́ méjì, òṣìṣẹ́ kan, oníṣòwò kan.

Ìwé àdéhùn, ẹ kọ ọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ yín ni. Ẹni tí yóò kó sókàwè, ẹni tí yóò tún fóséẹ̀tì ṣe, iye èèyàn tó lè sùn níbẹ̀. Mítà tiwọn ni kí olúkúlùkù ní. Mítà kan fún èèyàn mẹ́rin, ìjà oṣooṣù ni. Ẹ sì máa fún wọn ní rìsíìtì tó ṣeé kà. Láti January 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń san owó ilé lè yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà kúrò nínú ohun tí wọ́n máa gba owó orí lé, kó má ju 500,000 náírà lọ. Yóò fẹ́ ẹ̀rí. Onílé tó bá ń fi bébà sìgá kọ rìsíìtì á rí ìbínú.

Bí ayálégbé kò bá sanwó, ẹ má yọ páànù, ẹ má yọ ilẹ̀kùn, ẹ má fi tọ́ọ̀gì dẹ́rù bà á. Òfin kò gbà á, ẹ̀yin lẹ máa sanwó fún un. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ìwé oṣù mẹ́fà ni fún ẹni tó ń san ní ọdọọdún, oṣù kan fún ẹni tó ń san ní oṣooṣù, lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ọjọ́ méje, kí ẹ tó lọ sílé ẹjọ́. Ó máa ń pẹ́. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lo ọ̀sẹ̀ kan láti bi àwọn onílé tí ẹni náà gbé lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ léèrè kí n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Akápò_Ẹgbẹ́

Tíṣà, mo ń bá wọn ṣe ìṣirò ní kọpurétífù kan. Ẹ jẹ́ ká fi owó sọ̀rọ̀. Ká ní ohun gbogbo, ilẹ̀ àti àtúnṣe, gba mílíọ̀nù 20. Ká ní sẹ́fù kọ̀ntéènì mẹ́rin ń mú 250,000 wá lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Mílíọ̀nù kan nìyẹn, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹ ná. Ẹ yọ oṣù tí yàrá ṣófo, ẹ yọ owó ọ̀dà, ẹ yọ owó ẹni tó ń gbowó: ó lè kù ìdá 4. Ní oṣù kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5, báńkì tó ń yá ará ìlú lówó á sì fi tirẹ̀ lé e. Ẹni tó fi owó báńkì kọ́ ilé àyágbé ń fi ìdá 30 ra ìdá 4.

Owó kọpurétífù yàtọ̀, èlé rẹ̀ fúyẹ́. Síbẹ̀, bi ara rẹ ní ìbéèrè kan: bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé ilé náà fún ọdún kan gbáko, ṣé owó oṣù mi yóò lè san lọ́ọ̀nù yìí, kí àwọn ọmọ ṣì jẹun, kí wọ́n ṣì lọ sílé ìwé? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, gba ìdajì lọ́ọ̀nù náà. Ẹgbẹ́ kò ní sá lọ.

Ọmọ_Òróki_ní_Kánádà

Kí ẹ bá mi kún un fún àwọn tó wà lẹ́yìn odi bíi tèmi: mo fi owó ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí mi fún ọdún méjì, fọ́tò ilé ẹlòmíràn ló ń fi ránṣẹ́ sí mi. N kò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí, ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì ni mò ń sanwó fún tààrà, ẹlòmíràn ló ń ka àpò tó dé, bíríkìlà sì ń gba owó rẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń parí ní ìpele-ìpele. Èèyàn mẹ́ta tí wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn.

Lọ́yà_Lọ́wọ́_Àgbà

Mo ti padà dé. Ilé Ìgbónà.

Tíṣà, bàbá tó ni ilé náà, ṣé ó ṣe ìwé ìhágún kó tó kú? Bí kò bá ṣe é, tó sì jẹ́ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá ni ogún rẹ̀ wà, ilé náà ti di ti gbogbo àwọn ọmọ lápapọ̀. Dáwódù, ìyẹn ọmọkùnrin tó dàgbà jù, ló di olórí ẹbí, ṣùgbọ́n kò lè dá tà á. Ìyàwó mélòó ni bàbá fẹ́? Iye ìyàwó tó bímọ fún un ni iye ìdí-igi, aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Obìnrin náà ń jogún o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn ọmọbìnrin ti lọ sílé ọkọ, wọn kò ní ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga. Ọmọ kan ṣoṣo tí a gbàgbé lè dá gbogbo rẹ̀ rú.

Tíṣà_Òkèfìà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ni, mo sì ní ìròyìn.

Ẹ̀gbọ́n Awọnlẹ̀ bá mi dé orí ilẹ̀ náà. Láti ìsàlẹ̀ wáyà dé ààlà pùlọ́ọ̀tì mi, mítà 11. Àjẹ́ńtì kò gbé fóònù mi mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti sọ iye yẹn fún un. Owó fọ́ọ̀mù tí mo san fún un ti lọ, kò tó nǹkan, ọkọ mi ní kí n fi dúpẹ́.

Mo lọ sí Ìgbónà. Dáwódù gbà mí dáadáa, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo béèrè bí Lọ́yà ṣe wí. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wọn fẹ́. Ìdí-igi àkọ́kọ́ àti ìkẹta ti gbà. Ti ìkejì, ọmọ kan ṣoṣo ni, obìnrin ni, Ìlọrin ló ń gbé. Mo béèrè nọ́ńbà rẹ̀, gbogbo ilé dákẹ́. Nígbà tó yá, àbúrò Dáwódù kan ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, pé ìjà kan wà lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo ní kí wọ́n pè é lójú mi. Wọ́n pè é. Kò mọ̀ rárá pé wọ́n ń ta ilé bàbá òun.

Ó sunkún lórí fóònù, Dáwódù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N kò mọ ibi tí màá wojú sí. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sọ́ńdè. Ó ní inú yàrá kejì lápá òsì ni wọ́n ti bí òun, òun kò sì tíì mọ̀ bóyá òun fẹ́ kí wọ́n tà á.

Bíríkìlà Àgbà, mo gbá ògiri. Ó dún bí ìlù ní ẹ̀yìn ilé nìkan, iwájú dákẹ́ dáadáa. Kò sí ibi tó sán tí ìka wọ̀. Akápò, mo ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé ìdajì ni mo fẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín báyìí: bí Àǹtí yẹn bá ní òun kò tà, ṣé kí n fà sẹ́yìn pátápátá, àbí ó burú bí mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kí yàrá yẹn jẹ́ tirẹ̀ títí, kí n ra ìyókù?

Bàbá_Onílé_Mẹ́rin

Má bẹ̀ ẹ́ ní Sọ́ńdè. Jẹ́ kó wọ yàrá náà ná, kó jókòó síbẹ̀, kí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun pọ̀. Ìwọ má débẹ̀. Pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Lọ́yà_Lọ́wọ́_Àgbà

Mo gba ti Bàbá. Bó bá wá gbà kí ẹ pín in bẹ́ẹ̀, ẹ pè mí kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n awọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ ya yàrá náà àti ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ sọ́tọ̀ lórí ìwé sọ́fè, kí àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ yín má baà pàdé ní kóòtù.

Awọnlẹ̀_Òróki

Téèpù mi wà nínú mọ́tò.